Bọ́nà Ìléru Yín Ń Wúkọ́? Ẹ Tọ Gáàsì Lẹ́sẹ̀ Láti Sílíńdà Dé Ihò Èéfín

Bọ́nà ni páìpù tó ń fẹ́ iná gáàsì sínú ìléru. Èyí tí ara rẹ̀ le máa ń dún bí ìgbà tí òjò ńlá bá ń bọ̀ lókèèrè: ohùn kan náà ni, kò lọ sókè, kò wálẹ̀. Èyí tó bá ń ṣàìsàn máa ń wúkọ́. Á dún gbù, gbù, gbù, iná á pọ́n rúsúrúsú ní ihò òkè, alumíníọ̀mù tó yẹ kó ti yọ́ á kàn jókòó sínú ìkòkò bí òkúta.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Àpáta, n'Ìbàdàn, ni mo ti ń yọ́ irin, nínú garawa irin tí mo fi amọ̀ àti búlọ́ọ̀kù aláìjóná tẹ́ inú rẹ̀. Písítìn àlòkù àti ìdérí gíábọ́ọ̀sì ni mo máa ń rà ní Àràròmí, ní Gate, mo sì ń fi wọ́n rọ ọwọ́ ilẹ̀kùn àti ẹsẹ̀ àga. Ohun tí mo ti rí kọ́ ni pé bí iná ò bá ti jó dáadáa, bọ́nà la kọ́kọ́ máa ń tú palẹ̀, tàbí ká sáré lọ ra òmíràn. Owó tí mo ti fi ṣòfò báyẹn kò kéré. Bọ́nà kì í sábà jẹ̀bi. Ojú ọ̀nà tí gáàsì ń gbà ni ọ̀ràn sábà máa ń wà: inú sílíńdà, régúlétọ̀ tó ń díwọ̀n agbára gáàsì, họ́ọ̀sì, jẹ́ẹ̀tì (ihò kékeré tí gáàsì ń gbà wọnú bọ́nà), páìpù bọ́nà, inú ìléru, títí dé ihò tí èéfín ń gbà jáde. Ẹ tọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fo ibì kankan.

Kí ẹ sì máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, tó tún fi kún gáàsì, tó tún fa bọ́nà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, bí iná bá tiẹ̀ dára, kò ní mọ èyí tó tún un ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Kí ẹ tó ṣáná

Ìta gbangba ni kí ìléru wà. Kì í ṣe ilé ìdáná, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe gáréèjì tí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó máa ń mú èéfín kan jáde tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀, tó sì ń pani lójú oorun.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Propane inú rẹ̀ wúwo tó afẹ́fẹ́ lọ́nà kan àtààbọ̀, butane sì tó o lọ́nà méjì. Nítorí náà, bó bá jò, kì í fò lọ sókè. Ilẹ̀ ló máa ń wọ́ sí: ojú gọ́tà, kòtò, ìsàlẹ̀ ìléru fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ṣáná lẹ́ẹ̀kan tí kò gbà, ẹ ti gáàsì pa, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fi páálí fẹ́ inú ìléru, kí ẹ tó tún un dán wò. Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú 5 máa ń gùn bí ọdún nígbà tí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀. Ẹ dúró náà ni.

Ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi nínú agolo, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí gbogbo oríkèé, láti orí sílíńdà dé ẹ̀yìn bọ́nà, nígbà tí gáàsì bá wà ní ṣíṣí ṣùgbọ́n tí iná kò sí nítòsí. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wá ibi tí gáàsì ti ń jò láéláé.

Ẹ tẹ́ iyanrìn gbígbẹ sílẹ̀ yí ìléru ká. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì máa ń fi omi pamọ́ sínú, bí irin yíyọ́ bá sì ta sí i, omi náà á di ooru lójijì, sìmẹ́ńtì á bú, irin gbígbóná á fọ́n sí yín lára.

Eré ìje tó wà lẹ́nu bọ́nà

Bí ẹ bá mọ èyí, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Ohun méjì ló ń sáré lẹ́nu bọ́nà. Gáàsì tó ti dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ń sáré jáde láti inú páìpù. Iná ń sáré pàdé rẹ̀, ó fẹ́ wọlé lọ bá gáàsì níbi tó ti ń bọ̀. Níbi tí eré àwọn méjèèjì bá ti dọ́gba, ibẹ̀ ni iná máa jókòó sí.

Bí eré gáàsì bá pọ̀ jù, yóò ti iná kúrò lẹ́nu bọ́nà. Ẹ ó rí i tí iná náà ń jó lókèèrè sí páìpù, tó ń gbọ̀n, tí yóò sì kú. Bí eré gáàsì bá kéré jù, iná á borí, á wọnú páìpù, á máa jó lọ́dọ̀ jẹ́ẹ̀tì. Ìgbà yẹn lẹ ó gbọ́ gbù, gbù, tí ẹ̀yìn páìpù á gbóná débi tí ọwọ́ kò ní lè gbà á.

Ìdí rèé tí ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń ṣe nígbà tí bọ́nà bá ń wúkọ́ fi burú. Ẹ̀rù á bà wá, a ó dín gáàsì kù. Gáàsì tí eré rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀ la tún wá ń fà lẹ́sẹ̀ sẹ́yìn, iná á túbọ̀ wọlé. Bí iná bá ti wọnú páìpù, ẹ ti gáàsì pa pátápátá. Ẹ jẹ́ kí páìpù tutù. Nígbà tí ẹ bá tún máa ṣáná, ẹ jẹ́ kí agbára gáàsì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀.

Àwọ̀ iná náà ń sọ̀rọ̀. Bó bá pọ́n rúsúrúsú bí iná fìtílà, tó rọ̀, tí ahọ́n gígùn ń yọ ní ihò òkè, gáàsì ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ búlúù ṣókí tó ń pariwo ṣìì, tí ìdàrọ́ sì ń yára bo ojú irin, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù. Èyí tí à ń wá ni búlúù tó dúró ṣinṣin, pẹ̀lú ahọ́n kékeré kan lókè ihò èéfín. Ẹ má fi ojú ọ̀sán gangan wò ó, torí oòrùn máa ń pa àwọ̀ iná mọ́ni lójú. Ẹ̀yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń tún bọ́nà ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: sílíńdà, régúlétọ̀ àti họ́ọ̀sì

Bọ́nà tó ń fa afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, tí kò lo fáànù, nílò agbára gáàsì tó tó nǹkan bíi bar 0.3 sí 1.4 (bar ni a fi ń wọn agbára tí gáàsì fi ń ti ara rẹ̀ jáde). Régúlétọ̀ tó wà lórí gáàsì ìdáná nílé kò fúnni ju nǹkan bíi bar 0.03 lọ. Fún ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Bí irú ẹ̀ lẹ bá so mọ́ bọ́nà yín, ẹ lè fọ jẹ́ẹ̀tì títí di ọ̀la, iná ò ní ju iná sítóòfù lọ. Ẹ ra régúlétọ̀ alágbára tó ṣeé yí, tó ní gééjì lára. Ẹni tó bá ń lo fáànù lè rí i ṣe pẹ̀lú agbára tó kéré ju tèyí lọ, torí fáànù ló ń bá a ti afẹ́fẹ́.

Sílíńdà máa ń tutù, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì gbàgbọ́ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ nínú ooru Ìbàdàn. Omi ni gáàsì inú sílíńdà, ooru ara irin sílíńdà ló sì fi ń hó di afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ń fà á gan-an, ooru yẹn á tán kíákíá. Ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ sílíńdà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20: ẹ ó bá ìrì tútù nini, nígbà mìíràn yìnyín funfun fẹ́lẹ́ á ti mọ òrùka yípo rẹ̀, gẹ́gẹ́ ibi tí gáàsì inú rẹ̀ dé. Agbára á wálẹ̀, gééjì á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bọ́nà á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Propane ń hó ní -42°C, ṣùgbọ́n butane kì í hó tí kò bá kọjá nǹkan bí -0.5°C. Propane ló ń kọ́kọ́ jáde, nítorí náà bí sílíńdà bá ṣe ń tán lọ ni ìyókù rẹ̀ ṣe ń ya ọ̀lẹ.

Bí iná yín bá dára fún ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, tó wá rẹ̀, tí ẹ pa á fún ìdajì wákàtí, tó sì tún dára nígbà tí ẹ ṣáná padà, ẹ má wá nǹkan kan lọ mọ́. Sílíńdà ló tutù. Ẹ lo ti kg 12.5, ẹ fi ti kg 3 àti 6 sílẹ̀ fún ìdáná. Ẹ tún lè gbé sílíńdà sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́, omi tí ẹ lè ki ọwọ́ bọ̀ kí ẹ sì fi í síbẹ̀ láìsí ìrora. Ẹ má lo omi gbígbóná, ẹ má sì jẹ́ kí iná súnmọ́ ọn. Ẹ má dà á ní ìbúbú kó lè jáde dáadáa: omi gáàsì ló máa wọ họ́ọ̀sì, ìyẹn sì lè di jàǹbá ńlá.

Ní ti họ́ọ̀sì, ẹ wò ó bóyá ó ká kò, bóyá ó ti sán, bóyá ìléru ti ń yan án. Bó bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi tépù wé e.

Ìgbésẹ̀ kejì: jẹ́ẹ̀tì

Ihò kékeré tí gáàsì ń gbà fò jáde ni jẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ wa ló ń lo tíìpù bàbà tí àwọn wẹ́dà oní-MIG, ìyẹn àwọn tó ń fi ẹ̀rọ oníwáyà jó irin pọ̀, ń lò. Ihò 0.8 mm sábà máa ń bá páìpù ínṣì 3/4 mu. Nítorí pé ihò náà kéré tó bẹ́ẹ̀, ohun tí kò tó nǹkan lè dí i.

Lọ́dún kan, mo fi bọ́nà mi sílẹ̀ láàárín àkókò òjò, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mi ò fi fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí mo ṣáná, iná pọ́n rúsúrúsú, ó ń wúkọ́, mo yí régúlétọ̀ títí ó sú mi. Ìgbà tí mo tú bọ́nà, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo inú páìpù, mo rí amọ̀ kan tó le koránkorán, tó tóbi tó àtàǹpàkò mi, tó lẹ̀ mọ́ ògiri páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò afẹ́fẹ́. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ló yá ibẹ̀ lò. Mo fi sìkúrúdíráfà fọ́ amọ̀ náà, aláǹtakùn kéékèèké sì dà jáde sí àtẹ́lẹwọ́ mi, bí ìyá agbọ́n ṣe kó wọn jọ fún oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti parí iṣẹ́, mo ń fi ọ̀rá wé ẹ̀yìn bọ́nà, mo sì ń fi rọ́bà dì í. Bí ẹ kò bá ti lo bọ́nà yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wo inú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Ohun kejì tó ń dí jẹ́ẹ̀tì jù ni tépù funfun àwọn púlọ́ńbà. Fọ́nrán rẹ̀ á já sínú páìpù, gáàsì á gbé e lọ sẹ́nu ihò. Ẹ lo tépù gáàsì tó pọ́n rúsúrúsú, kí ẹ má sì wé e dé ẹnu páìpù: ẹ fi ìlà ìdè (tírẹ́ẹ̀dì) àkọ́kọ́ sílẹ̀ lófo.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ jẹ́ẹ̀tì, ẹ rẹ ẹ́ sínú tínà, ẹ gbé e lọ bá fọgánáísà àdúgbò kó bá yín fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ má ki abẹ́rẹ́ tàbí ìṣó bọ̀ ọ́. Bàbà rọ̀, ihò náà kò ní rí róbótó mọ́, gáàsì á sì máa tú sí ẹ̀gbẹ́.

Gáàsì tó ń tú sí ẹ̀gbẹ́ jẹ́ àìsàn kan lọ́tọ̀ tí ojú kì í tètè rí. Àárín gbùngbùn páìpù ni jẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ máa fẹ́ sí. Ẹ yọ bọ́nà kúrò lára gáàsì, ẹ so họ́ọ̀sì omi mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ṣí omi díẹ̀. Omi á ta jáde lẹ́nu jẹ́ẹ̀tì bí okùn tín-ín-rín. Bí okùn omi náà bá gba àárín páìpù jáde láìkan ẹ̀gbẹ́, ó dára. Bó bá kan ògiri páìpù, ẹ tọ́ ọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán èyí wò, ẹ̀gbẹ́ òsì ni omi mi ń lù, bẹ́ẹ̀ ló ti pé oṣù méjì tí mo ti ń bá régúlétọ̀ jà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: afẹ́fẹ́

Bí iná bá pọ́n, ẹ ṣí ihò afẹ́fẹ́ sí i. Bó bá ń pariwo ṣìì, ẹ dé e díẹ̀. Bí èyí kò bá tó, ẹ ti jẹ́ẹ̀tì síwájú tàbí kí ẹ fà á sẹ́yìn ní mílímítà méjì-méjì, kí ẹ máa wo ìyàtọ̀.

Lásìkò ọyẹ́, atẹ́gùn máa ń fẹ́ wọ ihò afẹ́fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, iná á sì máa ṣe ségesège láìnídìí. Ẹ fi pánù kan dá atẹ́gùn dúró. Ẹ má bo bọ́nà mọ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́ mí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹnu bọ́nà àti ihò èéfín

Ẹnu bọ́nà tó gbòòrò díẹ̀ ń dín eré gáàsì kù, ìyẹn ló ń jẹ́ kí iná lè jókòó síbẹ̀. Bí iná bá ń fò kúrò, ẹ wò ó bóyá ẹnu náà ti jó dànù. Irin lásán ni, iná máa ń jẹ ẹ́. Bọ́nà tí iná rẹ̀ ń fò kúrò lóde tún lè dúró ṣinṣin nínú ìléru, torí náà ẹ má dá a lẹ́jọ́ kí ẹ tó fi í sí àyè rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ yọ sínú ìléru. Kó sá sẹ́yìn nínú amọ̀ ní nǹkan bí ínṣì kan. Èyí tó bá yọ sínú á pọ́n wẹ̀ẹ̀, á máa dá iná sí gáàsì kó tó jáde, bọ́nà á sì wúkọ́. Ẹ darí ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí iná lè máa yí ìkòkò po, kó má ṣe kọjú sí ìkòkò tààrà.

Bí gbogbo èyí bá dára tó ṣì ń wúkọ́, ẹ wo ibi tí èéfín ń gbà jáde. Tí ihò náà bá kéré, tàbí tí ìkòkò bá tóbi débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, èéfín ò ní ráyè jáde, á máa ti gáàsì padà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀mú gbé ìdérí sókè díẹ̀. Bí ohùn bọ́nà bá balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni. Tèmi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ihò rẹ̀ wà ní ínṣì 2. Mo gbẹ́ ẹ dé ínṣì 4, ọ̀rọ̀ tán.

Amọ̀ tí òjò ti pa máa ń jẹ ooru, iná á dà bíi pé ó ti rẹ̀. Ẹ fi iná kékeré gbẹ ẹ́ fún wákàtí kan tàbí méjì. Bí ẹ bá fi iná ńlá lé e, ooru omi á fọ́ amọ̀ náà. Písítìn àlòkù náà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ yá a lórí ìdérí kó gbẹ. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bá wọ abẹ́ alumíníọ̀mù yíyọ́ lè da gbogbo ìkòkò síta. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní 660°C. Idẹ ń fẹ́ nǹkan bíi 900 sí 940°C, síǹkì inú rẹ̀ sì ń hó ní 907°C. Bí ẹ bá rí èéfín funfun lórí idẹ, ẹ bọ́ sápá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ẹ dín iná kù. Èéfín yẹn ń dá ibà síni lára.

Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ lójijì

Ẹ̀yin tó ń lo fáànù tàbí ẹ̀rọ ìgbẹrun láti fi fẹ́ bọ́nà, tiyín ni mo kọ apá yìí fún. Ní ìlú wa, iná kì í sọ fúnni kó tó lọ. Fáànù á dákẹ́, ṣùgbọ́n gáàsì ò mọ̀ pé iná ti lọ. Yóò máa ṣàn wọnú ìléru tó ṣì pọ́n wẹ̀ẹ̀, iná á sì máa wá afẹ́fẹ́ lọ sẹ́yìn, sọ́dọ̀ fáànù.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Òkùnkùn ṣú, mo kọ́kọ́ wá tọ́ọ̀ṣì, mo ní n gbé ìkòkò jáde ná. Kí n tó padà dé, iná ti gun páìpù, ike ẹ̀rọ ìgbẹrun ti yọ́, ó ń kán tò-tò sílẹ̀. Ká ní iná dé padà ní ìṣẹ́jú yẹn ni, fáànù á ti fẹ́ gáàsì tó ti kún inú ìléru, á sì bú gbàù lójú mi.

Nítorí náà: bí iná bá lọ, gáàsì lẹ ó kọ́kọ́ pa, kí ẹ tó wá tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tó wo ìkòkò. Kí fáàfù gáàsì wà níbi tí ọwọ́ yín lè dé láìrìn. Ohun tó dára jù ni fáàfù oníná tó máa ń ti ara rẹ̀ pa bí iná bá lọ. Ẹ so òun àti fáànù mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Bí iná bá dé padà, fáàfù náà á ṣí fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ti sílíńdà pa. Èmi ti padà sí fáànù 12V tí mo so mọ́ bátìrì mọ́tò.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ pa gáàsì lórí sílíńdà, ẹ jẹ́ kí èyí tó wà nínú họ́ọ̀sì jó tán, kí ẹ jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 sí i. Ẹni tí kò lo fáànù, kó yọ bọ́nà kúrò tàbí kó dí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀, torí ooru ìléru máa ń gba inú páìpù gòkè lọ yan jẹ́ẹ̀tì àti họ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ tí bọ́nà bá dún dáadáa, ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tí régúlétọ̀ wà àti ibi tí ìdérí afẹ́fẹ́ dúró sí. Tèmi wà lára ògiri ẹ̀yìnkùlé: gééjì bar 0.6, ihò afẹ́fẹ́ ṣí dé ìdajì, jẹ́ẹ̀tì 0.8, sílíńdà kg 12.5 nínú omi. Bó bá ti ń wúkọ́, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ wò, kí n tó mú sípánà.